Àjàṣẹ́, Ouidah, Abomey, Ìdáìṣà, Kétu: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò wa ní Bẹ̀nẹ̀

Kí a tó gbéra

Ọ̀pọ̀ ará Èkó ló ti dé Kútọnu rí, ọjà ló sì gbé wọn lọ. Wọ́n á ra aṣọ, wọ́n á wo ọkọ̀ tòkunbọ̀, wọ́n á jẹ ẹja létí òkun, ó di ilé. Ó máa ń dùn mí. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn wa yìí kò tóbi, síbẹ̀ Ègùn, Fọ̀n, Àjá, Tọ̀fín, Yorùbá, Ìbàrìbá, Dẹ́ńdì, Fúlàní àti Batammariba ló jọ ń gbé inú rẹ̀, kálukú pẹ̀lú èdè, oúnjẹ àti òrìṣà tirẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀ á fẹ́ sáré dé ibi gbogbo. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọ̀nà kan ni kí ó mú, kí ó sì máa sùn sí àwọn ìlú kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà náà, nítorí alẹ́ àti àárọ̀ kùtù ni àwọn ará ìlú máa ń ráyè bá àlejò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìtàn, ni mo bá lọ. A tẹ́ máàpù sílẹ̀, a sì yan ọ̀nà tí kò ní dá wa padà púpọ̀ síbi tí a ti gbà: kí a gba Sèmè wọlé, kí a dé Àjàṣẹ́, Kútọnu àti Ouidah, kí a gòkè lọ sí Abomey àti Ìdáìṣà, kí a ti Bohicon yà sí Kétu, kí a sì gba Ìdírókò padà sílé. A yọwọ́ àríwá pátápátá. Ó wù mí kí n rí àwọn ilé alámọ̀ onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn Batammariba ń kọ́, ṣùgbọ́n àwọn agbébọn ti ń yọ agbègbè ọgbà ẹranko Pendjari àti W lẹ́nu láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, n kò sì rí ìdí tí èèyàn á fi fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu.

Ọ̀rọ̀ ìwé kò le. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà, àdéhùn ECOWAS fún wa ní ọjọ́ 90. Pásípọ́ọ̀tù àti káàdì yẹ́lò tó fi hàn pé a ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ló ṣe pàtàkì. Ní ti owó, sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, ni mo fi ṣírò gbogbo nǹkan látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti so sẹ́fà mọ́ owó Yúróòpù láti 1999, 655.957 sí yúrò kan, kì í mì. Náírà ló ń mì. Ẹni tó bá fi náírà ṣètò ní oṣù méjì ṣáájú lè rí i pé owó oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan ti yọ́ dànù kó tó dé ibodè.

Oṣù Kọkànlá la mú. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀nà ti gbẹ, iṣu sì wà lọ́jà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Sèmè àti Àjàṣẹ́

A kúrò ní Mile 2 kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ọ̀nà Àgbádárìgì ló gba sùúrù jù nínú gbogbo ìrìn-àjò náà. Ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ní ibodè, àwọn ọlọ́kadà á sáré pàdé yín, wọ́n á ní àwọn mọ ọ̀nà tí kò ní ìwé nínú. Ẹ má tẹ̀lé wọn. Ẹ rìn lọ síwájú tábìlì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sínú pásípọ́ọ̀tù yín ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Òǹtẹ̀ yẹn ló fọkàn wa balẹ̀ ní gbogbo ibi tí wọ́n ti béèrè ìwé lọ́wọ́ wa títí a fi padà délé.

Láti Sèmè, takisí yà sí apá òkè, ó gba orí afárá ọ̀sà kọjá, a sì dé Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú lójú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni ìjọba ti ń ṣiṣẹ́. Ìlú tó dákẹ́ ni. Èdè Ègùn àti Yorùbá ń kọjá lára wọn lójú títì bí ẹni pé ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Ìyá kan tó ń ta àkàsà kí wa ní Ègùn, nígbà tó gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe dáhùn, ó yí i sí Yorùbá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀yin ará Èkó." Kò tilẹ̀ bi wá léèrè.

Mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú náà ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá lọ dúró wò. Ẹni tí kò mọ̀ á búra pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì tí àwọn àti ọmọ wọn sì padà wálé, ló gbé irú ilé báyìí wá, àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Salvador ní Bàhíà ni wọ́n sì wò kọ́ ọ: òpó, òdòdó, ọ̀wọ́ fèrèsé, gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rántí mọ́ṣáláṣí Ṣíttà-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, tó jẹ́ pé àwọn Àgùdà bákan náà ló kọ́ ọ. Mùsùlùmí ní kí Kátólíìkì bá òun kọ́ ilé Ọlọ́run, kò sì sí ẹni tó rí i bí ohun àjèjì. Mo dúró níwájú rẹ̀ títí oòrùn fi lé mi kúrò.

A sùn sí ilé-àlejò Songhaï. Oko ni, ilé-ẹ̀kọ́ sì ni. Bàbá àlùfáà Godfrey Nzamujo, tó wá láti Nàìjíríà, ló dá a sílẹ̀ ní 1985. Ìgbẹ́ adìyẹ ń di gáàsì ìdáná, ìdin ń di oúnjẹ ẹja, omi ẹja ń lọ sí orí ẹ̀fọ́. Ẹni tó bá ní oko nílé, kí ó ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ fún ibẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú: aṣọ funfun, omi dúdú

Ní àárọ̀, aṣọ funfun gba ojú títì. Bàbá, ìyá, ọmọ wẹ́wẹ́, gbogbo wọn láìwọ bàtà. Àjàṣẹ́ yìí ni Samuel Bilewu Joseph Oshoffa, káfíńtà, ti dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1947. Ìjọ náà gba Èkó kọjá, ó sì tàn dé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Nígbà tó kú ní 1985, Ìmẹ̀kọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n sin ín sí. Mo ti mọ àwọn ọmọ Sẹ̀lẹ́ láti kékeré, àdúgbò wa kún fún wọn, ṣùgbọ́n n kò ronú kan orísun wọn rí àfi ìgbà tí mo rí wọn níbẹ̀.

Ọ̀sán la dé èbúté Abomey-Calavi, níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ganvié lórí ọ̀sà Nokoué. Ẹ béèrè iye owó kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan ọkọ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Àwọn Tọ̀fín ló ni Ganvié. Ìtàn wọn ni pé nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, ìjọba àwọn Fọ̀n ní Abomey, ń kó èèyàn tà, àwọn baba ńlá wọn sá wọ inú omi, nítorí èèwọ̀ ni fún jagunjagun Dàhòmì láti gbógun ti ẹni tó wà lórí omi. Orí òpó igi ni ilé wọn wà títí dòní. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń lọ sọ́jà, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ta ata, ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà ti mọ àjẹ̀ fà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń sin ẹja. Wọ́n á ri ẹ̀ka igi mọ́ inú omi títí yóò fi di igbó kékeré. Ẹja á wá sá pamọ́ síbẹ̀, á máa jẹ, á máa bí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á yọ ẹ̀ka igi náà, wọ́n á kó ẹja. Akádjà ni wọ́n ń pè é.

Àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń fi fìlà koríko bojú bí wọ́n bá rí ẹni tó na fóònù sí wọn. Ẹ fi fóònù sápò. Ilé wọn ni ẹ wà, ọ̀nà ojúde wọn ni omi yẹn.

Ọjọ́ Ajé: Kútọnu

N kò ní pẹ́ lórí Kútọnu. A wo ère obìnrin jagunjagun Dàhòmì tí wọ́n ṣí ní 2022, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 30. A gun ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, kọjá láàárín àwọn awakọ̀ alẹ́wù ìyeyè. A jẹ àmíwò pẹ̀lú adìyẹ díndín. Àmíwò jẹ́ ọkà àgbàdo tí wọ́n fi ọbẹ̀ tòmátì rò, ó pupa, ó dùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a ti wà ní Ouidah.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ouidah

Tẹ́ńpìlì erè àti ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá ìlú náà kọjú síra wọn gan-an ní Ouidah. Àwọn erè ń ká sórí ara wọn nínú ilé, agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì ń dún lókè wọn. Ẹni tó ń tọ́jú tẹ́ńpìlì náà ní òun ti ṣe ìrìbọmi ní ọmọdé, pé kò sí ìjà. Oṣù Kìíní ọdọọdún ni ọjọ́ ìsinmi àwọn onívodún, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, máa ń wáyé ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ lákòókò yẹn, ẹ tètè gba yàrá sílẹ̀.

Ilé odi Potogí wà nítòsí. 1721 ni wọ́n kọ́ ọ. Títí di 1961, lẹ́yìn tí Dàhòmì, orúkọ tí Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ nígbà náà, ti gba òmìnira, àsíá Potogí ṣì ń fẹ́ lórí àwọn ilé mélòó kan yẹn. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn Potogí tó kù níbẹ̀ máa lọ, ńṣe ni wọ́n gbìyànjú láti dáná sun ún.

Láti gbàgede tó ń jẹ́ orúkọ oyè Francisco Félix de Souza, oníṣòwò ẹrú ará Bùràsíìlì tó kú ní 1849, a fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí etíkun. Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin, lórí iyanrìn pupa. Ọ̀kadà wà tó lè gbé yín. Ẹ rìn ín. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ rárá ní ìdajì rẹ̀. Ní òpin ọ̀nà ni Ẹnubodè Àìpadàbọ̀ wà, tí wọ́n kọ́ ní 1995: àwọn èèyàn ìhòòhò tí wọ́n so pọ̀ ń rìn lọ sí ọ̀dọ̀ omi.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ìtàn Kọ́sọ́lá fún ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀dọ́kùnrin Yorùbá ni, láti ẹkùn Bantè ní àárín ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ogun Dàhòmì ló kó o, wọ́n mú un wá sí Ouidah, àwọn ará Amẹ́ríkà sì rà á ní 1860, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti ọdún 1808. Ọkọ̀ Clotilda ló gbé e lọ, òun àti nǹkan bí 110 èèyàn, ó sì jẹ́ ọkọ̀ ẹrú tó kẹ́yìn tí a mọ̀ pé ó dé Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, tí kò sí owó ọkọ̀ tí wọ́n á fi padà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìlú tiwọn sílẹ̀ lẹ́bàá Mobile ní Alabama, wọ́n sọ ọ́ ní Africatown. Ó kú ní 1935. Kò tíì tó ọgọ́rùn-ún ọdún, ìyẹn ni bó ṣe súnmọ́ wa tó. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Nínú gbogbo ìwé tí mo fi kọ́ wọn, kò sí orúkọ rẹ̀." Ó kọ ọ́ sínú ìwé ajákọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́rú: Abomey

A wọ takisí lọ sí Bohicon, a sì gun ọ̀kadà kìlómítà mẹ́sàn-án sí Abomey. Ẹ̀rù díẹ̀ wà nínú mi. Ìlú yìí ni wọ́n ti ń gbéra lọ jagun ní Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, ìgbà méjèèjì ni àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ẹ̀gbá ni ìyá wa.

Ògiri amọ̀ ààfin àwọn ọba Dàhòmì ṣì dúró, UNESCO sì ti fi wọ́n sínú àkójọ ogún àgbáyé láti 1985. Iṣẹ́ àtúnṣe ń lọ ní ibẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè ohun tó wà ní ṣíṣí kí ẹ tó dé. Lára ògiri ni wọ́n ti fi amọ̀ ya ìtàn wọn: ẹfọ̀n ni àmì Guézo, kìnnìún ni ti Glèlè, ẹja ekurá ni ti Béhanzin. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé dé ní 1892, Béhanzin fúnra rẹ̀ ló dáná sun ààfin kí ọ̀tá má bàa jókòó níbẹ̀. Àwọn Faransé kó ohun tí iná kò jó lọ sí Párísì, ìtẹ́ ọba wà lára wọn. Oṣù Kọkànlá 2021 ni 26 nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wá sí Bẹ̀nẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin Fọ̀n kan ló mú wa káàkiri. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ìyàwó rẹ̀ wá láti Ìdáìṣà. Ẹ̀gbọ́n mi bi í léèrè nípa àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa. Kò yẹ ojú. Ó ní, "Òótọ́ ni, Mà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ máa ń kọ́ àwọn ọmọ yín pé Ọ̀yọ́ gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Guézo tó dá a dúró? Èèyàn wà lára ohun tí wọ́n ń gbà." Ẹ̀gbọ́n mi ní òun máa ń kọ́ wọn ní apá ti Abẹ́òkúta. Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn náà máa ń yára kọjá níbi Abẹ́òkúta. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́, olùkọ́ ìtàn àti afinimọ̀nà, láìsí ohùn gíga. Bí a bá ti padà sí Kútọnu lálẹ́ ọjọ́ náà, a kì bá tí gbọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀: Ìdáìṣà, àti Ṣábẹ̀ díẹ̀

Bí ọkọ̀ ti ń lọ sí òkè, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tán, àpáta bẹ̀rẹ̀. Òkè 41 ni wọ́n ní ó yí Ìdáìṣà ká. Yorùbá ni àwọn ará ibẹ̀, orí àpáta yẹn sì ni àwọn baba wọn ń sá sí bí Dàhòmì bá ń bọ̀. Etí gbọ́dọ̀ mọ́ra kó tó gbọ́ wọn; ohùn wọn yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti wọlé.

Iyán! N kò tíì jẹ irú rẹ̀. Ọ̀sán gangan, gbogbo ìlú ń gún iyán, o lè fi ohùn odó mọ ilé oúnjẹ. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni wọ́n fi bù ú fún wa, pẹ̀lú wàrà àwọn Fúlàní, wàgáṣì, tí wọ́n ti din. Iṣu Yorùbá, wàrà Fúlàní, a sì jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ Ìbàrìbá kan tó ń bọ̀ láti Parakou tó ń fi Faransé bá olóúnjẹ dúnàádúrà.

Ọkọ̀ gbé wa dé Ṣábẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, a rí àwọn àpáta rìbìtì tó ga lókè ìlú Oníṣàbẹ̀, ilẹ̀ sì ṣú. Ó yẹ ká sùn síbẹ̀. Ẹni tó bá lè fi ọjọ́ kan kún tiwa, Ṣábẹ̀ ni kó fi í sí.

Ọjọ́ Ẹtì: Kétu

A padà sí Bohicon, a gba Kové, a kọjá odò Wẹ́mẹ̀ lọ sí Kétu. Èyí ni mo fi gbogbo ọ̀nà náà lọ.

Ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, Àkàbà Ìdénà, wà níbẹ̀: ilẹ̀kùn méjì pẹ̀lú àyè láàárín wọn, tí ọ̀tá tó bá ré ọ̀kan kọjá á fi há. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní Dàhòmì kò lè fi agbára ṣí i ní 1886. Wọ́n dó ti ìlú náà títí oúnjẹ fi tán. Ebi ló ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n sun Kétu, wọ́n kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Abomey, ìlú náà sì wà ní ahoro títí Faransé fi ṣẹ́gun Dàhòmì, tí àwọn tó kù fi padà wá tún un kọ́. Gbogbo ìyẹn ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá, nínú èyí tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tún fa ìlà sí àárín ilẹ̀ Alákétu ní 1889: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè ní ilé ìyàwó òun wà ní Ìlárá, pé àárọ̀ ni òun ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ni òun ń bọ̀. Mo bi í bóyá ó máa ń mú ìwé dání. Ó ní, "Ìwé kí ni? Àna mi ni mo ń lọ kí."

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Kétu ló fi orúkọ ìlú wọn sílẹ̀ ní Bàhíà, níbi tí ẹ̀ka ẹ̀sìn òrìṣà Kàndòḿbìlé tó gbilẹ̀ jù ti ń jẹ́ Kétu. Ìlú yìí náà ni ọ̀pọ̀ ìtàn ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ijó tí ọkùnrin ń gbé agọ̀ obìnrin láti yẹ́ àwọn ìyá wa sí, tí UNESCO kéde ní 2001 fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. A bá a pàdé ní àdúgbò kan ní alẹ́, ẹnikẹ́ni kò gba owó lọ́wọ́ wa. Agọ̀ kan ru ẹ̀rọ ìránṣọ lórí, òmíràn ru ejò àti ẹyẹ tó ń jà. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbe orin lẹ́yìn wọn. Ìyá ìyá wa máa ń kọ àwọn orin yẹn. Ìyá arúgbó kan fà á lọ́wọ́, ó fi àga tirẹ̀ fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: a ń bọ̀ wálé

Pobẹ́, Ṣàkẹ́tẹ́, Ìgólò, Ìdírókò. Ọ̀nà ọlọ́pẹ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìdì ẹyìn wà lẹ́bàá títì, Yorùbá ni gbogbo ọkọ̀ ń sọ. Ibodè Ìdírókò kò ní ariwo tó ti Sèmè, a sì tètè kọjá.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà wa: ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti Kétu. Ẹ gbọ́ ti Ouidah àti Abomey kí ẹ tó dé ẹnubodè yẹn. Ẹ tọ́jú sẹ́fà wẹ́wẹ́, nítorí ọlọ́kadà kì í ní ṣéńjì. Bí ó bá sì jẹ́ oṣù Kẹjọ ni ẹ máa lọ, ẹ ṣọ́ ọjọ́ 15: àwọn Kátólíìkì láti gbogbo Bẹ̀nẹ̀ máa ń rọ́ lọ sí ihò àpáta Màríà ní Ìdáìṣà lákòókò náà, yàrá kì í ṣẹ́kù. Ẹ sùn sí Ṣábẹ̀ nígbà náà, kí ẹ máa ti ibẹ̀ wá jẹ iyán.